Ìdúpẹ́ Ìrántí Captain Whitlock

Bí ẹ bá dé apartment Díkónì Babáwálé ní Lake Highlands, ní Dallas, ẹ má ṣe yin ohunkóhun tó wà níbẹ̀ àfi tí ẹ bá ní àyè àtijókòó. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Ẹ sáà ní àga rẹ̀ dára, yóò sọ ibi tó ti rà á fún yín, ẹni tó tà á fún un, àti ìjà tó lé onítọ̀hún kúrò ní Dallas. Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ abọ́ mọ́ láàárín ìtàn kí àlejò lè rí ọ̀nà dìde. Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí títí ìrẹsì mi fi tutù.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ó kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Pólì Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nílé, lẹ́yìn náà ni físà lọ́tìrì gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ dé Texas. Wọ́n ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀ báyìí. Nǹkan wọn ò bàjẹ́ rárá. Ọmọ nìkan ni wọn ò rí bí. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n rí dókítà títí ó fi sú àwọn dókítà. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì kò mẹ́nu bà á mọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìkómọ kan tí ẹnìkan ò ní yíjú sí Babáwálé kó sì ní, tiyín náà ń bọ̀ lọ́nà, sà. Babáwálé yóò ṣe àmín, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti funfun tán.

Iṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì eré lọ́nà Coppell, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ tó ń dorí wọn kodò. Whitlock Landing lorúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Bí ilé ìgbàanì etí odò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, gbogbo ara rẹ̀ ló sì kún fún ẹ̀tàn. Fèrèsé àjà òkè kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ilé náà lè dà bí ẹni pé ó ga kan ọ̀run, bẹ́ẹ̀ àjà márùn-ún péré ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, kí ẹni tó ń wọ́ báàgì lọ sí yàrá má bàa mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná tó ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ ẹ jáde láti òkè àjà, kò sí ààrò kankan níbẹ̀. Inú òkúta ni wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ tó ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ sí. Àwọn igi ràbàtà tó gbé òrùlé dúró, sìmẹ́ńtì ni wọ́n, ọ̀dà ni wọ́n fi ya ojú igi sí wọn lára. Wọ́n tún fi àwòrán ìjàpá kékeré pamọ́ sára rọ́ọ̀gì, sára ògiri, sára bẹ́ẹ̀dì, àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ tó lọ́nà a sì máa wá láti ìlú òkèèrè wá rákò lórí rọ́ọ̀gì nítorí àtirí i.

Nínú gbogbo ilé náà, ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan ni igi gidi, igi tó le tó sì wúwo. Babáwálé ló máa ń fi epo pa á. Ìdákọ̀ró ńlá kan tún wà níwájú ìta tó dà bíi pé ó ti dógùn-ún láti ayé bàbá-ńlá ẹnìkan. Ike ni. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, Babáwálé á gbé ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ àti ti ọsàn, á jókòó tì í, á sì fara balẹ̀ kun ògùn-ún tuntun sí i lára.

Wàyí o, ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kun ògùn-ún sára ike yìí, òun náà ló gba ìtàn tó wà lára ògiri ibẹ̀ gbọ́ láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ìtàn Captain Elias Whitlock ni. Àwòrán rẹ̀ wà lókè ibi ìdáná ní páálọ̀ ìsàlẹ̀, baba arúgbó onírùngbọ̀n tó dé fìlà awakọ̀-omi, tí etí òsì rẹ̀ gé lápá kan. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ ló rì sínú yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì wù ú, ló bá kọ́lé fún arìnrìn-àjò. Wọ́n ní àwọn ọlọ́ṣà orí omi ló gé e létí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá dé ni wọ́n ti máa ń kọ́ ọ ní ìtàn yìí, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín níwájú àlejò. Babáwálé kò nílò òfin. Wọ́n ti kọ ọ́ sára idẹ lábẹ́ àwòrán náà, ta ló sì fẹ́ purọ́ mọ́ òkú? Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí, ní èdè tiwọn: ó kú ní 1924, kò bí ọmọ, ilẹ̀kùn ló fi sílẹ̀ ní ṣíṣí fún gbogbo arìnrìn-àjò.

Gbólóhùn àárín yẹn ló mú Babáwálé. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, báwọn àgbà ṣe wí nìyẹn. Ta ló wá sin eléyìí? Ta ló ń kí i? Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí Babáwálé ń kọjá níbẹ̀ tí kì í ṣí fìlà, tí kì í tẹ̀ ba díẹ̀, tí kì í sì í wí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Oyèrónkẹ́ gbọ́, ó bi í bóyá díkónì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, ó ní èèyàn kì í wọlé onílé kó má kí i, ìyẹn náà kò sì lòdì sí Bíbélì.

Àwọn àlejò ti ń yà á ní fídíò. Wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀kan lára àwọn àṣírí Whitlock Landing ni òṣìṣẹ́ kan tó máa ń kí Captain ní èdè tí Captain kọ́ nígbà tó ń wakọ̀ kiri etíkun Áfíríkà. Èèyàn wa ti di ìjàpá ara rọ́ọ̀gì, òun nìkan ni kò mọ̀.

Nígbà tí ọdún 2024 wọlé, Babáwálé ṣírò, ó rí i pé ọgọ́rùn-ún ọdún pé tí Captain ti kú. Ó dúró títí kó gbọ́ ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ ṣe, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá tọ Jessica lọ, ìyẹn manager, níbi tó dúró sí nínú páálọ̀, ó bi í léèrè bóyá ó burú tí ṣọ́ọ̀ṣì òun bá ṣe ìdúpẹ́ ìrántí fún bàbá náà. Ìdílé kan láti Oklahoma dúró tì wọ́n, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ wọ́n ń gbọ́. Kí ni Jessica lè sọ? Òfin ni òfin. Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní inú Captain yóò dùn gidigidi. Ó rò pé Babáwálé ń ṣeré fún àlejò ni, ó tilẹ̀ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́ jù. Babáwálé ní tirẹ̀ gbà pé wọ́n ti yọ̀ǹda.

Ó ku Pásítọ̀ Adékọ́lá. Pásítọ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yára tàn. Ó bèèrè bóyá ọkùnrin náà jẹ́ onígbàgbọ́, ó bèèrè ìdílé rẹ̀, ó bèèrè ohun tó kan ṣọ́ọ̀ṣì Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ awakọ̀-omi òyìnbó. Babáwálé jẹ́ kó bèèrè tán.

"Pásítọ̀ mi," ó wí, "ẹni tí kò bí ọmọ, ta ni yóò ṣe ìrántí rẹ̀?"

Pásítọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́ Sunday kan.

Sunday ọ̀hún kún. Ẹgbẹ́ akọrin wọ aṣọ tuntun, ìrẹsì wà nínú kúlà lẹ́yìn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tan àwòrán Captain sójú ògiri gbàgàdà. Babáwálé wọ funfun látòkè délẹ̀. Ó gun pẹpẹ, ó ní: "A dúpẹ́ fún ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀. Kò bí ọmọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, tó sinmi, ọmọ rẹ̀ ni." Àwọn ìyá ń nu ojú. Oyèrónkẹ́ kò nu tirẹ̀, ó kàn jẹ́ kó máa dà. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dìde fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni Sister Tòkunbọ̀ wọlé sí. Nọ́ọ̀sì lòun náà, ìlú Mesquite ló ń gbé, ọkọ̀ sì ti há ní ọ̀nà freeway, kò tètè dé. Ó gbójú sókè, ó rí ògiri, ó kígbe.

"Háà! Mr. Reuben kú? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i láàárọ̀ yìí!"

Wọ́n ní kó rẹ ohùn sílẹ̀, kò gbà. Ó ní aládùúgbò òun ni, ara ògiri kan náà ni apartment àwọn, òun lòun ń bá a gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹnìkan ní òyìnbó pọ̀ tí wọ́n jọra. Tòkunbọ̀ ní etí ńkọ́? Ó fa fóònù yọ, ó sì fi Mr. Reuben hàn wọ́n níbi ọjọ́ìbí rẹ̀, tó gbé abọ́ kéèkì dání. Ó ti gbó sí i, ṣùgbọ́n imú kan náà ni, irùngbọ̀n kan náà, etí òsì sì gé ní ibi tó ti gé lójú ògiri. Fóònù náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ó ti dé ọwọ́ Babáwálé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ.

Àárín àwọn akọrin ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbé e mì, kò lọ. Kó tó di pé Pásítọ̀ rí oore-ọ̀fẹ́ sọ, ilé ti dàrú. Díkónì gbàdúrà òkú fún alààyè! Wọ́n jẹ ìrẹsì náà ṣá o, ìrẹsì ò mọ ẹni tó kú. Nígbà tó fi máa di alẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti sọ àwòrán Babáwálé nínú aṣọ funfun di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp bí ẹnìkan bá pẹ́ dé, bíi pé ó ti kú.

Lọ́jọ́ Monday Babáwálé wọ ọ́fíìsì Jessica, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sí àlejò níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òfin ò sì de ẹnikẹ́ni. Jessica rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí Captain kankan láyé yìí. Àwọn tó ya àwòrán ìkọ́lé hòtẹ́ẹ̀lì ló jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n hun ún, pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, àti ọlọ́ṣà rẹ̀, àti ikú rẹ̀. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Nígbà tó rí ojú Babáwálé, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Babáwálé gba iwájú àwòrán náà kọjá pẹ̀lú fìlà lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó dùn ún. Kì í ṣe ti ẹ̀rín ìjọ, ọmọ Ìsẹ́yìn tó bá ń sá fún ẹ̀rín kò ní kúrò nílé. Ohun tó dùn ún ni pé òun ti fi gbogbo ọkàn òun ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò sí. Ó jókòó ti Oyèrónkẹ́ lórí àga, ó sì sọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ mọ́ láti ọdún mélòó kan.

"Rónkẹ́, ara mi ni mò ń ṣe ìrántí fún."

"Mo mọ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Èmi náà ń sunkún ara mi níbẹ̀."

Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Oyèrónkẹ́ ló kọ́kọ́ nu ojú. Ó ní ó dáa, Captain kò sí, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ní Mesquite tó ní ẹran ara tó sì lẹ́jẹ̀ lára, òun ni díkónì dúró lórí pẹpẹ tó pa. Kò ní dáa kí wọ́n pa arúgbó kí wọ́n má lọ bẹ̀ ẹ́.

Ni wọ́n bá se ìrẹsì, wọ́n dín adìẹ, wọ́n ní kí ata rọra nítorí òyìnbó. Nígbà tó di Saturday, wọ́n mú ọ̀nà Mesquite pọ̀n, Sister Tòkunbọ̀ ṣíwájú. Arúgbó ló ṣílẹ̀kùn fún wọn fúnra rẹ̀. Babáwálé rí etí náà, ó rí irùngbọ̀n náà, gbogbo èdè òyìnbó tó ti ń tò lẹ́nu láti Lake Highlands fò lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí rọ́ọ̀gì.

Mr. Reuben rò pé àlejò ti dákú. Ó ti ń wá fóònù kó fi pe ámúbúláǹsì kí Tòkunbọ̀ tó gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó wá sọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Arúgbó gbọ́, ó wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Oyèrónkẹ́ sọ fún un pé nílé wa, ẹni tí wọ́n bá purọ́ ikú mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn. Arúgbó ní ìyẹn dáa, kí Babáwálé wá dìde, nítorí òun ò lè fà á dìde.

Wọ́n jẹun. Ìtàn wá di ti onílé, ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ ni Babáwálé jókòó tó ń gbọ́ ìtàn láìdá sí i. Káfíńtà ni Mr. Reuben, òun náà wà lára àwọn tó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ayàwòrán kan wá ya Captain, kò rí ojú tí yóò lò. Ló bá rí Reuben tó jókòó lórí pákó tó ń jẹun, ó fi fìlà dé e, ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán kan ló fi dá a lọ́lá. Etí yẹn, ọlọ́ṣà ò dé ibẹ̀ rí, ajá ìyá rẹ̀ ló gé e jẹ nígbà tó wà ní kékeré. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Wọn ò bímọ. Kò padà sí hòtẹ́ẹ̀lì náà mọ́ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti parí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń sọ bójú ọjọ́ ṣe rí.

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó bi Babáwálé pé kí tilẹ̀ ni wọ́n sọ nípa òun lọ́jọ́ náà.

Ojú ti Babáwálé. Ṣùgbọ́n àgbà ló bèèrè. Ó dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì tún un sọ ní èdè òyìnbó tó yé arúgbó: pé a dúpẹ́ fún ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀, pé kò bí ọmọ, pé gbogbo ẹni tó gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, tó sinmi, ọmọ rẹ̀ ni.

Mr. Reuben kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn àbáwọlé yẹn," ó wí, "èmi ni mo ṣe é. Wọ́n fẹ́ fi ike ṣe é, mo bá wọn jà. Ṣé ẹnìkan ń fi epo pa á?"

Babáwálé tẹ̀ ba díẹ̀.

"Èmi ni, sà," ó wí. "Èmi ni mò ń pa á."

Arúgbó mi orí, ó tún mi orí. Ó yọ áńkáṣífù, ó fọn imú, ó sì ní ata pọ̀ nínú ìrẹsì náà, bẹ́ẹ̀ ata ibẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀, ó wá wo Babáwálé bí ẹni tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tí mo bá wá kú lóòótọ́ ńkọ́?"

"A ó tún un ṣe, sà," Babáwálé dá a lóhùn. "Ó ti mọ́ wa lára."

Oyèrónkẹ́ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó sì bu adìẹ kún abọ́ àwọn méjèèjì.